Owó Tó Lórúkọ: Ohun Tí Ojú Mẹ̀kúnnù Rí Nígbà Tí Ọjà Ìpín Wó Lọ́dún 2008

Ní àárín ọdún 2024 ni àwọn báńkì Nàìjíríà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpín ìdókòwò wọn, ìyẹn share, jáde fún ará ìlú láti rà. GTCO, ilé-iṣẹ́ tó ni GTBank, ta tirẹ̀ ní ₦44.50 lẹ́yọ kan. Zenith ta tirẹ̀ ní ₦36.50, Fidelity ní ₦9.75, FCMB ní ₦7.30. Kò sí pé èèyàn ń tò sórí ìlà nínú oòrùn nítorí fọ́ọ̀mù mọ́. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti rà á, lórí ìkànnì NGX Invest tí ọjà ìpín dá sílẹ̀. Ní ilé tiwa, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp ẹbí. Inú wọn ń dùn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àbúrò ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Tíṣà, fi fèsì: "Ẹ bi mí léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe ìtàn Àǹtí Tíṣà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìran kan wà ní Nàìjíríà, àwọn tó ti pé ogójì ọdún sí ọgọ́ta ọdún nígbà tí ọjà ìpín wó ní 2008, tí ọdún náà kò tíì tán lára wọn. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà yẹn, àti ohun tí wọn kò lè ṣe, ló ń darí ọwọ́ àwọn ọmọ wọn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé àwọn báńkì dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ìṣòwò fi kún owó ìdásílẹ̀ wọn: ₦500 bílíọ̀nù fún èyí tó láṣẹ láti ṣòwò dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tí òwò rẹ̀ kò kọjá Nàìjíríà, ₦50 bílíọ̀nù fún báńkì ẹkùn kan. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2026 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. Èrè tí báńkì ti kó jọ láti ọdún mélòó kan wá kò sí lára ohun tí wọn máa kà. Owó tí èèyàn bá fi ra ìpín nìkan ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi padà wá bá ará ìlú. GTCO ń wá ₦400.5 bílíọ̀nù ní ìgbà àkọ́kọ́ tó jáde. Ohun tó rí gbà ni ₦209.41 bílíọ̀nù, láti ọwọ́ àwọn 130,617 tó kọ fọ́ọ̀mù.

Èrò yẹn kò kéré, àmọ́ owó náà fi díẹ̀ lé ní ìdajì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. N kò sọ pé GTCO jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lára àwọn báńkì tí kò ṣubú lẹ́yìn 2008 ni GTBank. Àwọn mìíràn ló bẹ́ igi náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń fo igi kan náà báyìí.

Ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2004 ni Charles Soludo, gómìnà CBN nígbà náà, kéde pé báńkì tí kò bá ní ₦25 bílíọ̀nù nígbà tí ọdún 2005 bá ń parí kò ní ṣiṣẹ́ báńkì mọ́. ₦2 bílíọ̀nù ni tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Àwọn mìíràn ti para pọ̀, àwọn mìíràn ti tì pa. Kí báńkì tó lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù méjìdínlógún, ó ní láti ta ìpín fún ẹni tí kò ra ìpín rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán àwọn ọ̀dọ́ onítáì jáde, wọ́n sì fún oníkálùkù ní iye tó gbọ́dọ̀ mú wálé. Wọ́n wọ ilé ìwé, wọ́n wọ ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Nígbà tí gbèdéke náà ti kọjá pàápàá, títà kò dáwọ́ dúró. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbé ìpín jáde, àwọn èèyàn ń rà á, iye rẹ̀ sì ń gòkè.

Ẹni tó bá gbé Èkó tàbí Ìbàdàn ní 2006 àti 2007 kò ní gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ìpín ṣe gba ẹnu gbogbo ayé. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, ohun tí wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀ ni pé eélòó ni ìpín báńkì báyìí. Ẹni tó rà ní oṣù kìíní ń fi ìwé ìròyìn han ẹni tí kò rà ní oṣù kẹfà. Ẹni tí kò rà ń rí ara rẹ̀ bí òpè. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kéèyàn béèrè pé kí ni báńkì yìí ń ṣe gan-an tí iye rẹ̀ fi ń di ìlọ́po méjì. Mo rántí pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ni wọ́n ń pè ní elénìní.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008 ni ọjà náà dé góńgó. Atọ́ka gbogbo ìpín, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọjà ṣe gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ lápapọ̀, jẹ́ 66,371. Iye gbogbo ìpín tó wà lọ́jà lé ní ₦12 tírílíọ̀nù, ìpín báńkì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, atọ́ka ti bọ́ sábẹ́ 20,000, iye ìpín kò sì pé ₦5 tírílíọ̀nù mọ́. Nínú ₦10 tí èèyàn ní nínú ọjà, ₦7 ti lọ.

Ohun tí àwọn ìwé ìdókòwò máa ń sọ ni pé bí ọjà bá ń wó, ẹ̀rù á ba àwọn kéékèèké, wọn á sáré ta ohun tí wọ́n ní, wọn á sì pàdánù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo rí ní Nàìjíríà nìyẹn, ó kéré tán kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn ni pé "yóò padà." Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi kún un. Ẹni tó ra ìpín kan ní ₦30 rí i pé ó ti di ₦22, ó ní ọlá dé, ó tún kó owó lé e. Nígbà tó di ₦15, kò lówó mọ́. Nígbà tó di ₦9, kò wo ìwé ìròyìn mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí èèyàn ti kọ̀wé lórí èyí. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky ṣàlàyé pé ìrora tí èèyàn ń jẹ nígbà tó bá pàdánù ₦1,000 ju ayọ̀ tó ń ní nígbà tó bá jèrè ₦1,000 lọ dáadáa, ó tó ìlọ́po méjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nígbà tó yá. Ní 1985, Hersh Shefrin àti Meir Statman fi hàn pé nítorí èyí, olùdókòwò máa ń tètè ta ìpín tó ń jèrè, kó lè dá èrè náà mọ́ra, á sì gbá èyí tó ń pàdánù mọ́ àyà. Bí kò bá tíì tà á, lójú ara rẹ̀, kò tíì pàdánù.

Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé àwọn ìyá wa ní ọjà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́ tí tòmátì ti ń rọ̀, ìyá alátà kò ní sọ pé ₦5,000 ni mo ra agbọ̀n yìí, n kò ní tà á ní ₦3,000. Á fi ṣe gbàǹjo, á fi ohun tó kù ra ọjà ọ̀la. Síbẹ̀, ìyá kan náà yìí tọ́jú ìwé ìpín rẹ̀ sábẹ́ ẹní títí ó fi di òfo. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ni pé tòmátì ń jẹrà níwájú rẹ̀, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Ìwé ìpín kì í rùn. Bó ṣe rí ní ọjọ́ tí wọ́n fún un náà ló ṣe rí ní ọjọ́ tí kò níye lórí mọ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa àti àmì báńkì tó ń dán.

Ìdí mìíràn wà, tí àwọn tó ń bú mẹ̀kúnnù pé wọn kò tètè sá kì í mẹ́nu bà. Àwọn tó fẹ́ sá kò rí ọ̀nà.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2008, àwọn aláṣẹ ọjà ìpín yí òfin padà. Tẹ́lẹ̀, iye ìpín kan lè gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ní 5% lóòjọ́. Wọ́n ní láti ìgbà náà lọ, ó lè gòkè ní 5%, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju 1% lọ. Wọ́n rò pé àwọn ń dáàbò bo èèyàn. Ẹ bá mi wò ó bí ẹni tó mọ ọjà: ìpín kan wà ní ₦20, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé kò tó ₦10 mọ́. Bó bá ń fi 1% sọ̀ kalẹ̀ lójúmọ́, ó máa tó ọjọ́ ọjà 69 kó tó dé ₦10, ìyẹn ju oṣù mẹ́ta lọ. Ta ni yóò rà á ní ₦19.80 lónìí nígbà tó mọ̀ pé yóò dín sí i lọ́la, àti ní ọ̀tunla? Kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn tó fẹ́ tà to orúkọ wọn sọ́dọ̀ alágbàtà, ìlà náà ń gùn sí i. Iye tó wà lára pátákó kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Kó tó di ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n ti dá òfin náà padà sí 5% lókè àti nísàlẹ̀, ọjà sì já wálẹ̀ bí ohun tí wọ́n tú okùn rẹ̀. Ní tèmi, àṣìṣe ńlá ni òfin yẹn jẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí kò lẹ́nu níbi kankan, ní àsìkò tí àwọn olùdókòwò láti òkè òkun ti ń kó owó wọn jáde láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn.

Ní àárín rẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, Lehman Brothers wó ní New York. Epo rọ̀bì tó dé $147 lágbà kan ní oṣù keje bọ́ sábẹ́ $40 nígbà tí ọdún ń parí. Owó tí kò bá ti jáde ní Nàìjíríà nígbà náà wá ọ̀nà jáde.

Ẹni tó kàn ra ìpín pẹ̀lú owó tirẹ̀ tí kò rí i tà, ó ṣì lè jókòó. Ẹni tó yá owó ni kò lè jókòó. Láti 2006 ni àwọn báńkì ti ń yá èèyàn lówó láti ra ìpín, tí ìpín náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìdúró. Ká ní o ní ₦1 mílíọ̀nù, báńkì fi ₦1 mílíọ̀nù lé e, o ra ìpín ₦2 mílíọ̀nù. Bó bá gòkè ní 50%, ìpín rẹ ti di ₦3 mílíọ̀nù. O san ti báńkì, ₦2 mílíọ̀nù ló kù sí ọ lọ́wọ́, owó rẹ ti di ìlọ́po méjì. Èyí ni wọ́n máa ń sọ fún èèyàn. Bó bá wá sọ̀ kalẹ̀ ní 70% bí ọjà wa ṣe ṣe, ₦600,000 ló kù. Owó rẹ ti tán, o sì tún jẹ báńkì ní ₦400,000, láìka èlé. Bí iye ṣe ń dín ni báńkì ń pè pé kí èèyàn wá fi owó kún un. Bí kò bá rí i fi kún un, wọ́n á ta ìpín náà sórí ọjà tí kò sí olùrà, èyí á sì tún tì í wálẹ̀, á kan ẹni tí kò yá kọ́bọ̀. Owó tí àwọn báńkì fi há sínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé ó wà lára ohun tó wó àwọn fúnra wọn.

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tí Àǹtí Tíṣà kọ́ mi. Wọn kò yá owó. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fi ra ìpín báńkì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n ní owó náà lórúkọ. Apá kan ń jẹ́ òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, apá kan ń jẹ́ owó ilé ìwé àbígbẹ̀yìn wọn ní yunifásítì. "Mo mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí mò ń kó o lọ," bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn. "Mo kàn rò pé yóò bímọ kí ọjọ́ tó pé ni." Nígbà tí ọjọ́ owó ilé ìwé pé ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n ta ìpín kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n rà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ló mú wọn tà á. Owó náà ni ẹnìkan ń pè lórúkọ.

Mo ti bi àwọn mìíràn léèrè láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ wọn sì ṣe rí nìyí. Ẹni tó bá ní ìgboyà àti ẹni tó lójo, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí wọn bí owó tí wọ́n kó lọ bá jẹ́ owó iléégbèé, owó ìgbéyàwó, owó ọjà ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ohun tí wọ́n dá owó náà sí bá dé ni wọ́n tà, yálà ọjà wà lókè tàbí ó wà nísàlẹ̀.

Àwọn tí owó wọn kò lórúkọ dúró. Ṣé ìdúró wọn wá dára? Ìdáhùn rẹ̀ da lórí ohun tí wọ́n dì mú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di gómìnà CBN, yọ àwọn ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union Bank. Ní oṣù kẹwàá, ó kan ti Bank PHB, Equitorial Trust Bank àti Spring Bank. CBN da ₦620 bílíọ̀nù sínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí owó àwọn tó fi owó pamọ́ má baà ṣòfò. Owó àwọn onípìn-ín ni kò ní aláàbò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, ó yí wọn padà sí Mainstreet, Keystone àti Enterprise. Àwọn tó ní ìpín nínú àwọn mẹ́ta yìí kò rí nǹkan kan gbà. Òfo gbáà ni. Àwọn kan gba ilé ẹjọ́ lọ. Access gba Intercontinental, Ecobank gba Oceanic, FCMB gba FinBank, Sterling gba Equitorial Trust, àwọn onípìn-ín wọn sì rí ohun tó kéré púpọ̀ sí ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn pé "má fọwọ́ kàn án, yóò padà" kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Láti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Brad Barber àti Terrance Odean yẹ ìwé ìdókòwò ilé 66,465 wò níbẹ̀ láti 1991 sí 1996: àwọn tó ń rà tó ń tà jù ló jèrè 11.4% lọ́dún, nígbà tí ọjà lápapọ̀ jèrè 17.9%. Sùúrù dára lóòótọ́, bó bá jẹ́ pé gbogbo ọjà lèèyàn dì mú, tàbí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọjà lápapọ̀ lè padà. Kò sí ohun tó sọ ọ́ di dandan pé kí báńkì kan padà. Àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣòwò tí mo mọ̀, ìpín báńkì méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ní, ẹ̀ka iṣẹ́ kan náà, tí gbogbo rẹ̀ sì ń ṣàìsàn kan náà.

Ìtìjú wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin kan kò sọ fún ọkọ, bàbá kan kò sọ fún àwọn ọmọ. Wọ́n kó ìwé náà sínú àpò ńlá, wọ́n sì fi àpótí tì í. Ìtìjú yìí ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn títí di òní, nítorí kì í ṣe gbogbo ìwé inú àpótí ló ti kú. Èrè ìpín, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn onípìn-ín nínú èrè rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà ní Nàìjíríà ti lé ní ₦100 bílíọ̀nù. Àwọn kan yí àdírẹ́sì padà, àwọn kan kọ orúkọ yàtọ̀ sí èyí tó wà ní báńkì, àwọn kan ti kú tí ọmọ wọn kò mọ̀ pé bàbá ní ìpín. Ẹ wo orúkọ rẹ́jísírà, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín, tó wà lára ìwé náà, ẹ lọ bá wọn, tàbí bí wọ́n bá ti yí orúkọ padà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ SEC tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò ẹni tó gba iṣẹ́ wọn ṣe. Wọn á ní kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù tí yóò máa gbé èrè náà lọ tààrà sí àkáǹtì báńkì yín. Bó bá jẹ́ ti olóògbé ni, ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga pé ẹ̀yin lẹ ń bójú tó dúkìá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ owó yín ni.

Àdánù kejì ló dùn mí jù, òun ni kò sì hàn sójú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, atọ́ka ọjà wa bọ́ sábẹ́ 22,000. Ibi tó wà ní 2009 ni ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ní ọdún yẹn kan náà, èlé tí ìjọba ń san lórí owó tí èèyàn bá yá a fún oṣù díẹ̀ bọ́ sábẹ́ 1%, bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ́n gógó lé ní 14%. Àwọn ilé-iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn ọlọ́rọ̀ kó owó wọn padà sínú ìpín. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, ọjà gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi dá a dúró fúngbà díẹ̀. Láti 2016 tí wọ́n ti gbé òfin ìdádúró náà kalẹ̀, kò ṣẹlẹ̀ rí. Kí ọdún náà tó parí, atọ́ka ti dé 40,270, èrè 50% lọ́dún kan. Ní 2023, ó kọjá góńgó 2008. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó kọjá 100,000.

Níbo ni àwọn tí 2008 lù wà? Púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti búra. Àwọn mìíràn nínú wọn, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí di òní, ni wọ́n kó owó lọ sínú MMM ní 2016, èyí tó ṣèlérí 30% lóṣù, tó sì ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Wọ́n sá fún ọjà tó lófin lọ sí èyí tí kò ní ilé. Mo gbìyànjú láti lóye rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n sọ fún mi ni pé ẹni tó pè wọ́n síbẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, aládùúgbò tàbí ará ìjọ, nígbà tó jẹ́ pé onítáì tí wọn kò mọ̀ ló ta ìpín fún wọn. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí báńkì ba jẹ́ ni oníjìbìtì wá ń jẹ èrè rẹ̀.

Kí n má sì tan yín: bí a bá fi dọ́là wọ̀n ọ́n, ẹni tó jókòó sínú ọjà láti 2008 títí dé 2023 kò tíì padà sí ibi tó wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, nǹkan bí ₦118 ló ń ra dọ́là kan. Nígbà tí 2023 ń parí, ó ti lé ní ₦900. Èrè ìpín ọdọọdún tó bá gbà ní àárín ló mú un dúró, bí báńkì tó yàn bá ń san án.

Díẹ̀ ti yí padà ní ọjà báyìí. Ìpín lè gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ní 10% lóòjọ́, bákan náà ní apá méjèèjì. Bí gbogbo ọjà bá yí tó 5% láàárín ọjọ́, wọ́n á dá a dúró díẹ̀ kí ara balẹ̀. Ìwé bébà kò sí mọ́, orúkọ èèyàn wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìpamọ́ ìpín, CSCS, ó sì lè rí i lórí fóònù nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ìpín rẹ̀. CBN ní òun á tọpa owó tí báńkì bá kó wá kó má baà jẹ́ gbèsè tí wọ́n pè ní owó ìdásílẹ̀. Òfin ìdókòwò tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 gbé ìjìyà tó nípọn ka orí àwọn tó ń ṣe òwò owó-ìlọ́po irú MMM. Gbogbo rẹ̀ dára. Kò sí èyí tó ní kí olùrà wà ní ọjọ́ tí gbogbo ayé bá fẹ́ tà.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni Àǹtí Tíṣà bi mí nígbà tí mo lọ kí wọn. Wọ́n ti gbé àpótí náà jáde. Ìwé mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: wọ́n ti ta ọ̀kan ní 2009, ọ̀kan ti di òfo, ìkẹta ti di ìpín nínú báńkì mìíràn, pẹ̀lú èrè ọdún mọ́kànlá tí wọn kò gbà. A jọ kọ fọ́ọ̀mù rẹ́jísírà náà. Nígbà tí a parí, wọ́n ní kí n fi ti GTCO hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n ní: "Bí mo bá fẹ́ tà á ní ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń tà, ta ni yóò rà á?"

Mo ní, "Àǹtí, mi ò mọ̀. Ó lè má sí ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n kó owó díẹ̀ jáde nínú èyí tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá ìdajì rẹ̀ padà sínú àpò. "Ìyókù yìí," ni wọ́n wí, "kò tíì lórúkọ. Bá mi fi rà á."